Ìka Mẹ́ta láti Kánò dé Etí Òkun

Òórùn sítáàṣì ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Mi ò sọ èyí tí àwọn kan ń fi ọbẹ̀ jẹ o. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń fi omi híhó pò títí tó fi máa fà bí ikun, tí wọ́n wá ń fi lẹ bébà mọ́ ògiri. Mo ṣí fèrèsé, mo rí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì mi ní Ìkòtún níbí. Ó gbé ike ńlá sílẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ kúkúrú lẹ ìwé ìpolówó ìsọjí mọ́ ibi gan-an tí mo ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má lẹ ohunkóhun síbẹ̀.

Mo la ẹnu láti bú u. Òórùn náà wọ imú mi, èébú náà sì pòórá.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," ó ti ń kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, "iṣẹ́ Olúwa ni jàre."

"Ṣé o fi kẹrosíìnì pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?" ni mo bi í.

"Kẹrosíìnì kẹ̀? Ti kí ni, Mọ́mì?"

"Nítorí aáyán."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó gbé ike rẹ̀, ó sì yára kọjá sí fẹ́ǹsì ilé kejì. Kò mọ̀ pé ìbéèrè tó yẹ kí ẹnìkan bi mí ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni mo bi òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ máàpù kan ni, àti ti ọ̀rẹ́ mi kan tí mi ò rí mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn méjì tó tọ́ kí n sọ ọ́ fún, mo ní ààyè láti sọ ọ́ fún wọn, mi ò sì sọ ọ́.

Ìkòtún ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Láti ilé wa dé Ìdímù, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ọ̀pẹ ni, ẹsẹ̀ la sì ń fi rìn ín. Bí mọ́tò kan bá ń bọ̀, a ó ti mọ̀ kó tó yọ, torí eruku rẹ̀ á ti ga ju igi lọ. Ẹ̀gbẹ́dá jìnnà lójú wa. Agége ni ìlú ńlá, níbi tí rélùwéè wà, tí àwọn Gàm̀bàrí ti ń wá ra obì. Èkó gan-an, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Bàbá mi ń lọ síbẹ̀, wọ́n á sì máa sọ ìròyìn rẹ̀ títí ọdún mìíràn á fi dé.

Bàbá mi wà lára àwọn onílẹ̀. Ilé alámọ̀ gbọọrọ kan ni wọ́n kọ́, wọ́n fi páànù bò ó, yàrá mẹ́jọ, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Àwa gba márùn-ún, èkúté gba ọ̀kan, Bàbá mi sì fi méjì tó kù gba àlejò.

Sùfíánù àti ìyá rẹ̀ ló wà nínú ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó dá a mọ̀. Ọṣẹ dúdú ni Ìyá Sùfí ń ṣe, eérú sì máa ń wà ní apá wọn láti àárọ̀ dé alẹ́ bíi pé wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi ju Sùfí lọ. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, tó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́jọ́-Mẹ́ta. Tí mo bá rán an níṣẹ́, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò rí, kí ni mo tó láti kọ̀?" Á wá dìde, kò sì ní jẹ́ iṣẹ́ náà.

Tíṣà Ayé ló gba yàrá kejì. Èkìtì ni wọ́n ti wá, iléèwé wa ni wọ́n gbé wọn wá sí. Orúkọ àbísọ wọn gùn, ahọ́n wa kò sì gbé e dáadáa. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ayé ni wọ́n ń sọ ṣáá, Tíṣà Ayé la sọ wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gùn dé. Wọ́n di àpótí irin sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìnura wé rédíò bátìrì, wọ́n sì fi abíyá há nǹkan kan tí wọ́n ká roboto, wọ́n rọra mú un bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Bàbá mi rò pé ẹní ni. Nígbà tí Tíṣà tú u sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì bo bẹ́ẹ̀dì náà tán, Bàbá mi káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wò ó títí.

"Tíṣà, níbo ni ilẹ̀ tèmi wà níbẹ̀?"

Tíṣà fi ẹnu pẹ́ńsù kan ibì kan tí kò tó ojú eṣinṣin. Inú Bàbá mi kò dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá mi ló se sítáàṣì. Èmi àti Sùfí la di etí bébà náà mú, Tíṣà sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ayé mọ́ ògiri yàrá wọn, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Sítáàṣì náà ní kókó díẹ̀ láàárín. Ìyá mi ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é.

Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, Tíṣà á kó bátìrì rédíò tí wọ́n ti sá sóòrùn láti àárọ̀ wọlé, torí wọ́n ní oòrùn ń dá ẹ̀mí padà sí i lára. Gbogbo ọmọ inú agbo ilé á sì rọ́ wọ yàrá náà láti gbọ́ ìròyìn. Èmi àti Sùfí á ti já ẹ̀gún ọsàn wẹ́wẹ́ wá. A ó fi osùn kun àwọn kan, a ó fi búlúù ìfọṣọ kun àwọn mìíràn, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkùn. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá dárúkọ ilẹ̀ kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lórí máàpù ló máa gún ẹ̀gún síbẹ̀. Ẹ̀gún pupa wà fún ogun àti ìpànìyàn. Ẹ̀gún búlúù wà fún omíyalé àti ìjì. Èyí tí a kò kùn wà fún ìròyìn ayọ̀: pé wọ́n kọ́ afárá, pé ogun parí, pé ẹni tó sọnù ti dé ilé. Báyìí la ṣe mọ Kóńgò, báyìí la ṣe mọ Íńdíà àti Kúbà, a mọ ibi tí òkè wà àti ibi tí odò ti ṣàn gba, kó tó di pé a mọ ọ̀nà Ìgàndo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún máa fi parí, agolo ẹ̀gún pupa ti ṣófo lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tí a kò kùn ṣì kún dé ẹnu.

Àwọn ìyá wa kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí.

"Kóńgò náà tún ni?" ni Ìyá Sùfí á wí. "Ṣé wọn kì í sinmi jẹun ní Kóńgò yìí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà," ni ìyá mi á wí, "ẹ bá wọn gún ẹyọ kan tí ẹ ò kùn síbẹ̀, kí ara tù wọ́n."

Tíṣà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní máàpù kì í ṣe ibi àánú. "Ẹnìkan lè fẹ́ bá a rìn lọ́la."

Ìka ni wọ́n fi ń kọ́ wa bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibòmíràn. Wọ́n á ní kí a to ìka wa ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn sórí máàpù. Èkó sí Kánò, ìka méjì. Ìka méjì yẹn, lọ́rí kan tó gbé obì láti Agége á fi odidi ọjọ́ méjì rìn ín. Nítorí náà, ìka kan, ọjọ́ kan. Ẹ wò ó bí ó ṣe rọrùn tó. Sùfí ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wa. Tíṣà kò tíì ní parí orúkọ ìlú tó fi máa ti gbé ìka lé e.

Ibì kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo ibi lọ. Òun ni aṣálẹ̀ iyanrìn tó wà lókè Kánò, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tó gbẹ, tí ó lọ títí kan òkun kejì. Kò sí ẹ̀gún kankan níbẹ̀. Ìròyìn kò ti ibẹ̀ wá rí. Ibẹ̀ nìkan ló mọ́ tónítóní lórí gbogbo máàpù náà, Sùfí sì gbà pé àlàáfíà ló wà níbẹ̀.

"Tí mo bá dàgbà, ibẹ̀ ni mo máa gbé," ló máa ń wí. "Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó ń pa ara wọn níbẹ̀."

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi Kérésìmesì, Tíṣà ń lọ sí Èkìtì. Wọ́n pè mí, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgò kẹrosíìnì kan àti ìyẹ́ adìyẹ kan. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí n máa ki ìyẹ́ náà bọ kẹrosíìnì, kí n fi pa gbogbo etí máàpù yíká, torí sítáàṣì dùn mọ́ aáyán lẹ́nu.

Sùfí bínú. "Èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù, sà."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù," ni Tíṣà wí, "òun ló fara balẹ̀ jù." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ ni mo fi ayé sí lọ́wọ́."

Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, ọyẹ́ dé, odò gbẹ kù díẹ̀, akàn sì ń jáde ní bèbè rẹ̀ bíi pé ẹnìkan ń pè wọ́n. Èmi àti Sùfí là ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú agbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ọrùn mi lórí okùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń lu àyà mi tí mo bá ń sáré, mi ò sì rántí ohun tí wọ́n fún mi ṣe.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìyá mi sọ pé ẹnìkan rí Tíṣà ní ọ̀nà, pé wọ́n máa dé lọ́jọ́ kejì. Mo sáré ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, aáyán ti jẹ ayé láàárín. Ibi tí sítáàṣì ti ní kókó lábẹ́ bébà ni wọ́n dojú kọ, ibẹ̀ sì ni aṣálẹ̀ náà. Wọ́n jẹ ẹ́ gbọọrọ láti apá ìwọ̀-oòrùn dé ẹ̀bá odò ńlá Íjíbítì. Ohun tó wà lókè rẹ̀, etí òkun àti àwọn ìlú ibẹ̀, já sílẹ̀ bí etí ewúrẹ́. Mo fi ìka wọn ibi tí wọ́n jẹ. Ìka mẹ́rin.

Sùfí kò sí nílé. Ó bá ìyá rẹ̀ ru ọṣẹ lọ sí Agége. Ká ní ó wà nílé ni, bóyá ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí kò ní gbà kí n ṣe ohun tí mo ṣe.

Bàbá mi ní àpò ìwé kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Mo da ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, mo mú àbẹ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àti lọ́yà ti fi tàdáwà kún gbogbo ara àpò náà, ibi tí kò ní ìkọ̀wé kò ju ìka kan lọ. Mo gé e. Ìka kan, níbi tí ìka mẹ́rin ti jẹ gbèsè. Mo ronú díẹ̀, ìrònú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo wá rí i pé ó rọrùn. Mo fi omi rọra tú apá òkè tó ti já náà, mo fà á wálẹ̀ títí ó fi bá etí bébà Bàbá mi pàdé, mo sì lẹ gbogbo rẹ̀ padà. Ó ku ihò kan lókè, níbi tí etí òkun ti kúrò. Mo pò búlúù ìfọṣọ, mo fi kùn ún di òkun. Ó dára. Kí n má purọ́, inú mi dùn sí i. Mo wá fi kẹrosíìnì pa gbogbo etí rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Tíṣà dé. Ìwé ìṣípòpadà wà lápò wọn: wọ́n ti gbé wọn lọ sí iléèwé mìíràn ní ọ̀nà jíjìn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni wọ́n máa lọ. Wọ́n wọ yàrá pẹ̀lú àtùpà, ojú wọn kò sì ríran dáadáa lálẹ́. Wọ́n sún mọ́ máàpù, wọ́n gbóòórùn kẹrosíìnì, wọ́n mí kanlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. O tọ́jú ayé." Wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù tuntun.

Máàpù náà kò ṣeé ká mọ́, yóò ya. Wọ́n ní èmi àti Sùfí la ni ín. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ, mi ò sì gbúròó wọn mọ́ títí dòní.

Ìyá Sùfí ló kó sí yàrá náà lẹ́yìn wọn, torí ó tóbi ju tiwọn lọ. Bàbá mi ra rédíò tiwọn, a sì ń gún ẹ̀gún wa lọ. Àsìkò òjò ọdún yẹn ni Sùfí ké sí mi láti inú yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́jọ́-Mẹ́ta, wá wò ó! Kánò sí etí òkun, ìka mẹ́ta péré! Mo ti rò pé ó jìnnà!"

Mo wo ìka rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àpò ìwé Bàbá mi. "Bí a bá ṣe wò ó náà nìyẹn," ni mo wí. Mo sì jáde lọ fọ abọ́.

A dàgbà. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní iléèwé kan ní Ìdímù. Máàpù tó péye ni mò ń gbé kọ́ sára pátákó. Mo mọ̀, bí mo ṣe mọ orúkọ mi, pé ìka mẹ́fà ni, kì í ṣe mẹ́ta. Sùfí ń bá lọ́rí olóbì rìn láti Agége dé Kánò. Bó bá ti dé, á lọ dúró síwájú máàpù, á ní, "Tíṣà kò purọ́. Ọjọ́ méjì géérégé." Ìgbà tó ṣe, nǹkan le. Ẹni tó ni lọ́rí tà á, iṣẹ́ tán. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sọ̀rọ̀ Líbíyà nígbà náà, pé wọ́n ń kọ́lé níbẹ̀, wọ́n ń wá òṣìṣẹ́. Sùfí kò bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà. Ó mọ ọ̀nà.

Ìyànà Ìpájà la ti sìn ín, èmi àti ìyá rẹ̀, ní òwúrọ̀ kan tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Lọ́rí olóbì kan máa gbé e dé Kánò, ó ti ń dúró, wọ́n fi ewé tútù bo apẹ̀rẹ̀ obì bámúbámú. Sùfí ní àpò kan léjìká. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Omi méjì yìí nìkan?" ni mo wí.

"Mo ti ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní olúkúlùkù ló ń gbé omi tirẹ̀ nínú iyanrìn. Ìka mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ́ẹ̀gì kan ààbọ̀ á tó mi, mo wá fi ààbọ̀ kún un nítorí ẹ̀yin olójo." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí Ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé jọ́gíráfì ni? Ṣebí ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi jù mí lọ. Bí mo bá rìn ín tán, a di ẹgbẹ́."

Awakọ̀ ń tẹ hóònù. "Ẹ jẹ́ á máa lọ jàre, obì ń gbẹ!"

Ìyá Sùfí fi ọwọ́ tí eérú ti wọ̀ lára mú ọwọ́ mi. "Bá mi bi í dáadáa, Tíṣà kékeré. Ṣé ó dá a lójú?"

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Sùfí, mo gé e kúrú. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dúró níbẹ̀, àwọn olóbì ń wò wá, olùkọ́ sì ni mí, gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún mi nítorí ohun tí mo mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé àwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ mọ ilẹ̀ wọn, pé wọ́n máa sọ fún un.

"Ó dá a lójú, Ìyá," ni mo wí. "Òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú wa."

Oṣù kejì, awakọ̀ olóbì kan mú lẹ́tà dé láti ìlú kan lókè Kánò níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kà á fún Ìyá Sùfí. Ó ní ara òun le. Ó ní lọ́la ni wọ́n ń wọ iyanrìn. Ó ní, "Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́jọ́-Mẹ́ta pé mo ti rin ìka méjì tán, ó ku mẹ́ta." Lẹ́tà náà parí síbẹ̀. Lẹ́tà mìíràn kò dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo wà nídìí rédíò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó ń ka ìròyìn ní wọ́n rí lọ́rí kan tó bàjẹ́ sáàárín aṣálẹ̀, pé òùngbẹ ti pa gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀, pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà lára wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ sórí ìròyìn eré bọ́ọ̀lù.

Ìyá Sùfí ń bọ̀ láti ibi ìkòkò ọṣẹ. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́la, Ìyá."

Nígbà tí wọ́n padà sídìí iná, mo wọ yàrá wọn, mo gbé agolo ẹ̀gún. Ìròyìn ti ti ibẹ̀ wá, fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo mú pupa, mo gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe ogun. Mo mú búlúù, mo gbé òun náà sílẹ̀. Omi kọ́ ló pa wọ́n. Tíṣà kò kọ́ wa ní àwọ̀ òùngbẹ. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú èyí tí a kò kùn, tí mo gún un sáàárín àpò ìwé Bàbá mi.

Ariwo ni mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Sùfí ló ń pariwo, wọ́n ń sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró wọn ń tú.

"Ẹ̀gún tí ẹ ò kùn! Ẹ̀gún tí ẹ ò kùn ló wà lójú ọ̀nà ọmọ mi! Ìwọ lo gún un, àbí? O gbọ́ nǹkan lórí rédíò, o fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni! Ó ti dé, àbí? Sùfí ti dé etí òkun?"

Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n gbé mi nílẹ̀, èmi àgbàlagbà. Ìyá mi ti yọ jáde, gbogbo ilé ti ń ṣe "Àlùhámúdúlíláì", wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi gbé lórí ẹ̀gún yẹn. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí àlejò bá dé, wọ́n á mú un wọ yàrá lọ wo ibi tí ọmọ wọn gbà. Tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ìdí tí kò fi kọ lẹ́tà, wọ́n á ní ibẹ̀ jìnnà sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí àìsàn gbé wọn dè, mo pinnu pé mo máa sọ ọ́. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, máàpù wà lókè orí wa.

"Ìyá, nípa àwòrán ayé yìí," ni mo bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n mú ọwọ́ mi. Eérú ti kúrò lára ọwọ́ wọn, ó ti funfun bíi ti ẹlòmíràn. "Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ká ní ìwọ kò tọ́jú rẹ̀ ni, aáyán ì bá ti jẹ ẹ́, ọmọ mi kì bá sì mọ ọ̀nà."

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n papòdà.

Wọ́n ti wó ilé náà. Ilé ìtajà alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń ta fóònù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ògiri náà wó pẹ̀lú ayé lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di amọ̀. Bébà Bàbá mi nìkan ni mo rí yọ, pẹ̀lú ihò ẹ̀gún lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà ò nílò máàpù ara ògiri mọ́. Ẹ ó tẹ fóònù, obìnrin inú rẹ̀ á ní kí ẹ yà sọ́tùn-ún, kò sì sí aáyán tó lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ìròyìn síbẹ̀, ẹ má rò pé mo ti fi sílẹ̀. Kóńgò ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìgàndo àti Ẹ̀gbẹ́dá ṣì ń gba ojú ọ̀nà iyanrìn yẹn lọ, pẹ̀lú fóònù tó péye lápò wọn, ìròyìn wọn sì ń dé bí ìròyìn Sùfí ṣe dé: iye kan, láìsí orúkọ. Ìyá wọn wà ní ẹnu ọ̀nà ibì kan, ẹnìkan sì ń sọ fún wọn pé òjò máa rọ̀.

Lẹ́yìn tí obìnrin alẹ̀wé yẹn lọ, mo dìde, mo lọ bá máàpù tó wà ní pálọ̀ mi, èyí tó péye tí mo rà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ìka mẹ́fà ni mo wọ̀n lórí rẹ̀ lọ́dún náà, láti Kánò dé etí òkun. Mo tún to ìka mi sí i. Ọwọ́ mi ti gbẹ, ìka mi ti tín-ín-rín. Méje ni, ó sì tún kù díẹ̀. Mo mú ọwọ́ kúrò, mo tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sùfí, méje ni.